Ta Ló Fún Hatsu Ní Ẹ̀ka Gínkò Abilà?

Sobue,
ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì, ọdún 1958

Toshie ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà níbẹ̀ yẹn? Ṣé ikọ́ Tetsuo ọkọ rẹ ti lọ? Àwa níhìn-ín kò ṣàìsàn. Atẹ́gùn Òkè Ibuki ti ń gbá wa létí láti ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, ètè gbogbo wa sì ti gbẹ bí ẹja orí ààrò. Àwọn igi gínkò ẹ̀yìn ilé ló ń bá wa dí i. Wọ́n ti wọ́wé tán, ṣùgbọ́n ìhòòhò wọn wúlò ju aṣọ ẹlòmíì lọ.

Lẹ́tà rẹ ti oṣù Kọkànlá dé lọ́jọ́ kẹta ọdún tuntun. Ojú ewé kan péré! Mo bi akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ní sítáǹbù tó o lẹ̀ mọ́ ọn ì bá gbé ojú ewé mẹ́ta. Ṣé afẹ́fẹ́ lo wá ń sanwó fún ni?

Èso gínkò ọdún tó kọjá so dáadáa. A bó o, a fọ̀ ọ́, a sá a, òórùn rẹ̀ ò tíì kúrò lára aṣọ mi. Ọwọ́ Isamu ẹ̀gbọ́n rẹ wú bó ṣe máa ń wú lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n Yasuko, ìyàwó tó fẹ́ lẹ́yìn tó o lọ, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lásán, ọwọ́ lásán ló ki bọ inú rẹ̀, kò wú, kò yún un. Ó tún gbé agbọ̀n tí Isamu ń fi ẹsẹ̀ tì.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé ni gínkò abilà. Láti ìgbà tó o ti lọ, kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ kàn án. Àwọn ẹ̀ka tó ní ewé tútù lásán ti gùn, wọ́n ti fẹ́ bo àwọn tó ní ìlà ìyeyè mọ́lẹ̀. Bàbá rẹ ló rí ẹ̀ka abilà kan ṣoṣo lára igi ẹ̀yìn ilé, òun ló gé e, tó lọ́ ọ sára igi kékeré inú ìkòkò kó lè máa hù níbẹ̀, ìwọ nìkan ló sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé e. Èmi kò wò yín rí. Mo rò pé ẹ kàn ń sá fún iṣẹ́ oko ni.

Ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Karùn-ún, gbogbo àwa tí ń sin igi abilà á gbé tiwa lọ sí tẹ́ńpìlì fún àfihàn. Ẹlòmíì á gbé igi òdòdó camellia abilà, ẹlòmíì á gbé ọparun abilà. Gínkò abilà, ilé wa nìkan ni. O mọ òfin wa: ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀ka lọ́dọ̀ ẹnìkejì á gbé ọtí wá bẹ̀bẹ̀. Wọ́n lè kọ̀ fún un. Ó lè tún wá. Tí wọ́n bá kọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kẹta, ó parí nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ tún bèèrè títí ayé. Hatsu aládùúgbò wa bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Tí mo bá rántí ẹ̀, àyà mi á móoru bí ẹni mu ọtí ìrẹsì gbígbóná.

Hatsu náà ti fi ọparun ṣọgbà sẹ́yìn balùwẹ̀ rẹ̀. Yasuko ní bóyá adìẹ ló ń sìn. Mo ní, "Adìẹ wo ni wọ́n ń bomi rin?"

Nítorí náà, kọ̀wé kíá. Sọ ibi tí wọ́n ti ń gé e. Yasuko ló máa gé e. Lọ́dún tó kọjá, ó fi àkísà tútù nu ewé rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan, ohun tí bàbá rẹ pàápàá ò ṣe rí. Kí n má purọ́, ọwọ́ ọmọ yẹn dẹ̀ ju tìrẹ lọ.

Jẹun dáadáa. Má fi aṣọ tó nípọn ṣe iṣẹ́ oko, yóò gbó.

Èmi ìyá rẹ,
Nui

---

Mogi, Brazil,
ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin, ọdún 1958

Màmá mi,

Mo kí yín, mo kí Isamu. Oṣù kan àbọ̀ ni lẹ́tà yín fi wà lórí omi. Àárín kábéèjì ni mo ti kà á, lóòró, torí mi ò lè dúró dé ilé. Ẹ wí pé ojú ewé kan ni mo kọ. Ẹ̀yin kọ mẹ́ta lóòótọ́. Mo wá ara mi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Yasuko ni mo ń bá pàdé.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Bàbá fi ọ̀bẹ kékeré yẹn lé mi lọ́wọ́. Wọn ò kọ́ Isamu. Wọ́n ní ọwọ́ Isamu yá jù. Títí wọ́n fi kú, títí mo fi relé ọkọ, èmi ni mo ń gé igi yẹn, ẹ ò sì sọ fún mi lọ́jọ́ kan péré pé ọwọ́ mi dẹ̀. Ẹni tó dé láná, tó fi àkísà nu ewé, òun ló wá dẹ̀ lọ́wọ́!

Lọ́jọ́ tá a gbéra ní Kobe, gbogbo ìyá ló ń sunkún ní etí omi. Àwọn èèyàn ń ju bébà aláwọ̀ gígùn sọ́mọ wọn nínú ọkọ̀, wọ́n di í mú lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ di í mú nínú ọkọ̀, títí ó fi já. Ẹ̀yin pariwo látìsàlẹ̀ pé, "Toshie, àpótí rẹ! Jókòó lórí àpótí rẹ!" Ohun tí mo gbọ́ gbẹ̀yìn lẹ́nu yín nìyẹn.

Ibí dára. Ilẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ pupa, aṣọ tí mo fọ̀ náà pupa. Ikọ́ Tetsuo ti dínkù. A ní adìẹ mẹ́sàn-án tó jẹ́ tiwa, ẹni tó ni oko ti ní a lè gbin ìdí ilé fúnra wa lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sí igi kan níbí tó ń wọ́wé pátápátá. Mi ò mọ ìgbà tí ọdún ń parí.

Ẹ wí fún Yasuko pé kó gé gbogbo ewé tútù dànù. Gbogbo ẹ̀. Ẹ̀ka tí kò bá ní ìlà, kó má ṣẹ́ku ẹyọ kan. Ìyeyè nìkan ni kó fi sílẹ̀. Kí ẹ sì gbé ìkòkò náà síbi tí oòrùn ti ń ràn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí àwọ̀ rẹ̀ lè tàn. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Kí ọwọ́ rẹ̀ tó dẹ̀ bá a ṣe é.

Èmi ni,
Toshie

---

Sobue,
ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, ọdún 1958

Toshie,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó kọjá. Ní ọjọ́ kejì ẹ̀, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ sókè, Yasuko ń gé e. Ewé tútù di òkìtì nílẹ̀. Isamu tó ń wò wá ní, "Màmá, ṣé kò ti pọ̀ jù báyìí?" Mo ní, "Ṣé ìwọ ni Bàbá rẹ kọ́ ni?" Ó gbé ìgbálẹ̀, ó ń gbá ewé jọ.

Lọ́jọ́ àfihàn, a fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé e lọ. Toshie, ó yẹ kó o rí i. Igi tó ga dé èjìká mi, ìyeyè látòkè délẹ̀, bí ẹni pé wọ́n tan iná sínú ẹ̀. Àwọn èèyàn kóra jọ yí i ká. Bàbá àlùfáà fúnra rẹ̀ ní ká gbé e sórí àtẹ̀gùn òkè pátápátá. Mo dúró tì í bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì ju àsìkò tí èèyàn fi ń mu ife tíì kan lọ.

Ni Hatsu bá yọ. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fi aṣọ bo nǹkan. Ó tú aṣọ náà. Gínkò ni, kò tíì kọjá orúnkún, gbogbo ewé rẹ̀ pín sí méjì, ìyeyè lọ́tùn-ún, ewé tútù lósì, bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ là á. Tiwa ni! Mo mọ ìlà yẹn bí mo ṣe mọ eyín ẹnu mi.

Mo ní, "Hatsu, níbo lo ti rí èyí?"

Ó ní, "Wọ́n fún mi ni, Ìyá Isamu."

"Ta ló fún ọ?"

"Ẹni tó fún mi ò ní kí n pariwo ẹ̀ lọ́jà."

"Olè lo fi ṣe ọ̀rẹ́ nìyẹn!"

"Tóò. Olè ọ̀hún mọ nǹkan án fúnni ju ẹlòmíì lọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín, Toshie, ní iwájú tẹ́ńpìlì! Bàbá àlùfáà wò ó títí, ó ní kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ó ní ti Hatsu kéré ṣùgbọ́n àwọ̀ méjèèjì bá ara wọn mu, tiwa ti dán jù. Dán jù! N kò mu omi kankan títí mo fi délé.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ta ló ń wọ àgbàlá wa? Ìwọ ti lọ. Isamu ò mọ igi yàtọ̀ sí ìgbálẹ̀. Ó ku ẹnì kan. Òun pẹ̀lú Hatsu jọ máa ń fọ ẹ̀fọ́ létí odò kékeré, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Hatsu máa ń fún un ní àkàrà ẹ̀wà dídùn. Mo pè é, mo bi í. Ó foríbalẹ̀ lórí ẹní, ó ní, "Èmi kọ́, Màmá." Mo ní, "Nígbà yẹn, ṣé atẹ́gùn ló gé e?"

Láti ọjọ́ yẹn, n kò bá a sọ̀rọ̀. Tí mo bá fẹ́ iyọ̀, Isamu ni mo ń wí fún, Isamu á wí fún un, bẹ́ẹ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jókòó ti tábìlì kan náà.

Sọ fún mi, kí ni ìwọ rò? Ìwọ nìkan ni mo lè bá sọ ọ́. Ọmọ ẹni lọmọ ẹni í jẹ́. Ẹni tó bá ti ìta wá, ìta ló ń wò.

Èmi ìyá rẹ,
Nui

---

Sobue,
ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kẹjọ, ọdún 1958

Toshie,

Ṣé ara rẹ le? Mo bèèrè nítorí n kò gbúròó rẹ. Ìyàwó ẹni tó ń ta núdù ti gba lẹ́tà àbúrò ẹ̀ tó wà ní Brazil, oṣù Keje ló kọ ọ́. Ọkọ̀ ojú omi ò rì nígbà yẹn.

Ooru ọdún yìí le ju ti èṣín lọ. Gínkò abilà ti ń lọ. Etí ewé rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbẹ, ó di rúsúrúsú bíi bébà tí wọ́n nà síná, ó wọ inú, ó já bọ́. Yasuko fi ẹní koríko ṣíji bò ó. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ló ń pọnmi sí i. Mo ní kí Isamu sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀, ó ti parí ẹ̀. Ohun tí ìwọ gé lọ́dún méjìlá tí ò kú, òun gé e lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ó lè jẹ́ pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ sódì. Ó sì lè jẹ́ pé ó mọ ohun tó ń ṣe, kí ti Hatsu lè dá nìkan dúró lórí àtẹ̀gùn. Èyí tó wù kó jẹ́, n kò lè jókòó ti ojú yẹn mọ́.

Mo ti pinnu. Tá a bá ti ṣa èso tán, tá a fọ̀ ọ́ tán, ní ìdajì oṣù Kọkànlá, Isamu á mú un padà sílé bàbá ẹ̀. Isamu ń jẹun bí ẹni ń jẹ iyẹ̀pẹ̀. Mo ti sọ fún un pé ìwọ náà fara mọ́ ọn, torí mo mọ̀ pé wàá fara mọ́ ọn.

Kọ̀wé. Ojú ewé kan tó.

Èmi ìyá rẹ,
Nui

---

Mogi,
ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá, ọdún 1958

Màmá,

Mo kí yín. Ọkọ̀ òfurufú ni mo fi rán èyí, adìẹ mẹ́rin ló lọ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bínú.

Èmi ni mo fún Hatsu ní ẹ̀ka.

Nígbà tá a fẹ́ lọ, gbogbo àdúgbò mú ẹ̀bùn ìdágbére wá, ẹ sì rántí ohun tẹ́ ẹ wí: "Má fi oore ẹnì kan sílẹ̀ láìdá a padà, kí wọ́n má baà máa sọ̀rọ̀ wa." Ẹ wá ra tówẹ̀lì funfun, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún olúkúlùkù. Ẹni tó mú ẹyin mẹ́ta wá gba tówẹ̀lì. Hatsu mú bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn wá, tuntun. Òun náà gba tówẹ̀lì. Mo sọ fún yín pé ojú ń tì mí, ẹ ní tówẹ̀lì ni tówẹ̀lì ń jẹ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn la fi bora nínú ọkọ̀, òun náà la fi ń bora níbí, Tetsuo ì bá ti kú láìsí i. Ọjọ́ tó ku ọ̀la ká lọ, ẹ wà ní tẹ́ńpìlì. Mo gé ẹ̀ka méjì tí kò gùn ju ìka lọ, mo fi koríko tútù wé e kó má baà gbẹ, mo fi í sábẹ́ tówẹ̀lì, mo gbé e fún Hatsu. Mo ní kó má sọ. Yasuko ò tíì wọlé wa nígbà yẹn.

Èyí tó kù burú jù ú lọ.

Bàbá ò gé gbogbo ewé tútù rí. Wọ́n ní ewé tútù ló ń dáná, ìyeyè kàn ń jẹun ni. Ilé tí gbogbo ènìyàn ń jẹun tí ẹnì kan ò dáná, ebi ló máa pa wọ́n. Wọ́n máa ń fi díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣíji bò ó ní ọ̀sán. Mo mọ èyí nígbà tí mo ń kọ̀wé sí yín. Mo mọ̀ ọ́n, mo kọ òdìkejì rẹ̀. Mo fẹ́ kí igi náà ṣàìsàn díẹ̀, kẹ́ ẹ lè sọ pé, "Ó mà ṣe o, Toshie ló mọ̀ ọ́n." N kò fẹ́ kó kú.

Lẹ́tà yín ti oṣù Kẹfà dé, mo kà á pé ẹ ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Inú mi dùn, Màmá. Ẹ wí pé èmi nìkan lẹ lè bá sọ ọ́, mo tún ibẹ̀ kà títí bébà fi fẹ́ ya. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń jókòó láti kọ òótọ́, kì í wá. Oṣù méjì àti ààbọ̀. Àfi ìgbà tí èyí tẹ́ ẹ kọ ní oṣù Kẹjọ dé láná, pé ẹ fẹ́ lé e.

Ẹ má lé e. Ẹ má fi orúkọ mi lé e.

Toshie

---

Sobue,
ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, ọdún 1959

Toshie,

Mo kí ọ. Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin. O ti mọ bó ṣe máa ń rí báyìí kéèyàn máa dúró de lẹ́tà.

Tìrẹ dé lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá. Yasuko wà lágbàlá, ó ń fọ èso. Mo wọ balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo kà á. Nígbà tí mo kà á tán, mo sọ ọ́ sínú àpótí ìrẹsì, mo da ìrẹsì lé e lórí kí n má baà rí i. Ohun tí mo pè ọ́ nínú balùwẹ̀ yẹn, n kò ní í kọ ọ́, sítáǹbù ò lè gbé e.

Mo jáde, mo dúró lẹ́yìn Yasuko. Mo ní, "Yasuko." Ó fò sókè, torí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi láti oṣù Karùn-ún. Mo ní, "O ò lọ mọ́."

Ó ní, "Ṣé ẹ ti mọ ẹni tó fún wọn ní ẹ̀ka ni?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n."

Kò bi mí pé ta ni. Ó padà sídìí èso rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ lọ, omijé ń já bọ́ sínú agbada, kò fi ọwọ́ nù ún. Ọmọ yẹn ti di ẹrù ẹ̀ sílẹ̀, Toshie. Mo rí i nígbà tó yá, ó wé e sínú aṣọ kan ṣoṣo tó gbé wá.

Ní ti igi, kò kú tán. Ìdí rẹ̀ yọ ní ìsàlẹ̀ ibi tí bàbá rẹ ti lọ́ ọ, ewé tútù lásán, bíi ti gbogbo gínkò ayé. Abilà ti lọ. Lórí ilẹ̀ yìí, ti Hatsu nìkan ló kù.

Mo ní n kò ní í lọ bẹ Hatsu. Mo ní kó jókòó ti igi rẹ̀ kó máa sìn ín. Oṣù Kejì dé, mo rántí pé tí ọmú igi tó máa di ewé bá ti wú, ẹ̀ka ò ṣeé lọ́ mọ́. Mo gbé ọtí, mo lọ. Hatsu dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Rárá o, Ìyá Isamu." Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, mo tún gbé ọtí lọ. Ó ní, "Rárá." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń lá oyin, mo sì mọ adùn ọ̀hún, torí mo ti lá a rí. Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan. Tó bá kọ̀ yẹn, ó parí. Ọjọ́ méje ni mo fi ń yí ìgò ọtí náà ká.

Nígbà tí mo dé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, òjò yìnyín ń rọ̀. Ó ní, "O ò ní í gbọ́, àbí?"

Mo ní, "Mo tún dé."

"Mo rí ọ. Òtútù ò mú ọ?"

"Ó mú mi."

"Wọlé, má kú sí mi lẹ́nu ọ̀nà." Ó bu tíì fún mi. Ó la àpótí, ó mú tówẹ̀lì kan jáde, bébà tí wọ́n fi wé e ò tíì tú. "Toshie ló gbé èyí wá," ló wí.

Mo ní, "Mo mọ̀. Ó ti kọ̀wé sí mi."

"Ṣé o ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni? Háà! Mo rò pé ìwọ lo rán an! Mo ní, Nui ti di èèyàn, ojú ló ń tì í kó wá fúnra ẹ̀. Àfi ìgbà tó o pariwo olè lé mi lórí ní tẹ́ńpìlì." Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ìyá Isamu, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jowú rẹ nítorí igi yẹn. Nígbà tó délé mi, mo rò pé owú tán. Kò tán. Mo wá ń jowú rẹ nítorí ọmọ. Ọmọ tó jí nǹkan ìyá ẹ̀ kí ojú má baà ti ìyá ẹ̀ ládùúgbò! Tèmi wà ní Nagoya, wákàtí kan péré lójú irin, kò jí nǹkan kan fún mi rí."

Mo mu tíì. Tíì rẹ̀ ṣàn bí omi, ṣùgbọ́n mo mu ún tán.

Ó mú ọ̀bẹ, ó gé ẹ̀ka mẹ́ta. Ó ní, "Yasuko ni kó lọ́ ọ. Kì í ṣe ìwọ."

Yasuko lọ́ ọ lánàá. Ó fi okùn koríko dì í, ó fi ìda pa á lẹ́nu. Ó wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, ó rí bí igi ìdáná mẹ́ta. Tí ó bá yè, yóò yọ lóṣù tó ń bọ̀, Yasuko ò sì mọ èyí tó máa gé àti èyí tó máa fi sílẹ̀. Mo lè fa lẹ́tà rẹ yọ nínú ìrẹsì kí n kà á fún un. N kò ní í kà á. N kò sì tíì sọ fún un pé ìwọ ni. Ìwọ ni wàá sọ ọ́. Kọ lẹ́tà sí i, tirẹ̀ lọ́tọ̀, nínú àpò ìwé tirẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ẹ̀. Kì í ṣe àfikún sí tèmi.

Ọkọ̀ òfurufú ni mo fi rán èyí. Má bi mí iye tó jẹ́.

Èmi ìyá rẹ,
Nui

---

Mogi,
ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹta, ọdún 1959

Ẹ̀gbọ́n Yasuko,

Ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú làálàá. A ò tíì ríra rí. Èmi ni Toshie, àbúrò ọkọ yín. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí.

Èmi ni mo gé ẹ̀ka fún Hatsu kẹ́ ẹ tó wọlé wa. Èmi náà ni mo kọ̀wé pé kẹ́ ẹ gé gbogbo ewé tútù, mo sì mọ̀ pé yóò pa igi náà lára. Ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi sódì. Bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe ṣe é. Nítorí pé Màmá ń yìn yín ni mo ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ pọnmi ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ sórí ohun tí mo bà jẹ́, ẹ jókòó oṣù márùn-ún sílé tí wọn ò ti bá yín sọ̀rọ̀. N kò ní í bẹ̀ yín nínú lẹ́tà. Ẹni tí wọ́n bá bẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn kì í rójú kọ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ lè kọ̀.

Ohun tí Bàbá kọ́ mi rèé, gbogbo rẹ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ má gé nǹkan kan, àfi èyí tó bá yọ nísàlẹ̀ ibi tẹ́ ẹ ti lọ́ ọ. Ìyẹn, ẹ fi ọwọ́ ya á nígbà tó ṣì rọ̀. Lọ́dún kejì, ẹ̀ka tútù tó bá wà lókè, tó ń sáré ju àwọn yòókù, ẹ gé e. Tìsàlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ̀ka tó bá jẹ́ ìyeyè pátápátá láìní ewé tútù kankan, ẹ gé òun náà. Òun ló máa ń rẹwà jù, ọkàn yín ò ní í gbà á, ẹ gé e. Èyí tó ní méjèèjì lójú ewé kan náà lẹ ń wá. Láti ọ̀sán lọ, ẹ ṣíji bò ó. Ẹ máa fi àtàǹpàkò wọ́ ara ẹ̀ka wò kẹ́ ẹ tó gé e: Bàbá ní ẹ̀ka tó máa yí padà di tútù máa ń le ju àwọn yòókù lọ. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn ò ṣì í rí.

Kò sí ẹlòmíì tó mọ èyí. Àwa méjì la mọ̀ ọ́n báyìí, èmi sì wà níbi tí kò ti wúlò fún mi.

Mo ṣì ń jowú yín. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo ń rò ó pé ẹ̀yin lẹ máa rí ewé àkọ́kọ́ tó bá là, pé Màmá máa dúró lẹ́yìn yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń wò ó. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ tún gé díẹ̀ sí i kó lè tàn, kí wọ́n lè fi han Hatsu. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ fi ewé tútù sílẹ̀.

Èmi ni,
Toshie